Oṣù Inú Tí Ìyá Mi Kò Fẹ́ Kà

Nígbà tí mo lóyún àkọ́kọ́, oorun ni mo ń sùn ṣáá. Mo lè jókòó sídìí máṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi létí títì Upper Sakponba ní Benin, kí ẹsẹ̀ mi ṣì máa wà á lọ, kí orí mi ti tẹ̀ síwájú, kí abẹ́rẹ́ máa rán afẹ́fẹ́. Àwọn oníbàárà mi á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Madam, this pikin dey drink ogogoro for your belly?" Èmi náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ó ń mu ún, ó sì tún ń jó sí i. Irọ́ ni mo ń pa. Ọmọ náà kì í jó. Ó máa ń yí díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tó tutù lórí ẹní, lẹ́yìn náà á dákẹ́, èmi náà á sì tún sùn lọ.

Àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ di ti gbogbo ayé ni mò ń sọ yìí. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ekiadolor, ó máa ń jáde láàárọ̀, ó sì máa ń ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó bọ̀ lójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ilé wa ń rùn fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Òjò ọdún yẹn kò mọ ìgbà tí wọ́n ń dá. Omi pupa á máa ṣàn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, n ó máa wò ó títí n kò fi ní mọ̀ bóyá mo jí tàbí mo ti sùn. A ti retí ọmọ yìí pẹ́ débi pé a kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ nígbà tó fi wá dé. Ó dà bíi pé bí a bá pariwo, á padà lọ.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó wá kí wa ní Ọdún Àjíǹde láti ilé wa lọ́hùn-ún ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún mi, mo mu ún, mo sì sáré jáde lọ bì í sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti dìde dúró. Ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró dáadáa, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó sì gbàdúrà láìjẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ oṣù tí inú yìí dé.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Nílé wa, a kì í ka oṣù inú fún ará ìta. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ìdáhùn rẹ ni pé, "Ó ti ń lọ o, ẹ máa bá wa fàdúrà sí i." Bí ó bá wá di dandan kí a dárúkọ oṣù, a máa ń gé e kúrú, kí ọjọ́ ìbí lè bá aráyé lójijì, kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà má mọ ìgbà tí àlejò máa dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí gbogbo àwọn ọmọ àdúgbò wa. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ìyá mi padà wá ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, tòun ti gààrí àti ẹja gbígbẹ, ó ní òun ti dé nìyẹn, ó di ìgbà tí òun bá wẹ ọmọ. Ibi tó ti ń tú ẹrù ló ti gbọ́ pé n kò tíì forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kankan. Oorun ni kò jẹ́ kí n lọ, òfin rẹ̀ sì ni àwáwí mi. Ní ọjọ́ kejì, ó mú mi dání. Nọ́ọ̀sì tí a bá níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Oǹdó, inú wa dùn pé a rí ẹni tó gbọ́ èdè wa. Ó bi mí pé oṣù mélòó ni. Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti dáhùn.

Ó ní, "Oṣù karùn-ún ló ń parí lọ, nọ́ọ̀sì."

Oṣù keje ni mo wọ̀. Mo wo ìyá mi, ó wo ògiri. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo rò ó nínú ara mi pé ẹnìkan ti gé aṣọ èmi aránṣọ kúrú lójú mi. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sórí káàdì, ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó sì fi téèpù wọ̀n mí láti ìsàlẹ̀ ikùn dé ibi tí inú ga dé. Ó mi orí. Ó ní ó bá oṣù tí Màmá dá mu, pé kò sí wàhálà kankan. Irọ́ ìyá mi bá ara mi mu rẹ́gí. Nígbà tí a ń lọ sílé, ìyá mi ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ orin ìjọ, inú rẹ̀ dùn pé Ọlọ́run bá òun fọwọ́ sí i.

Ìgbà tí mo padà lọ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ojú tó ti ń ka téèpù láti kékeré kò nílò kí ẹnikẹ́ni kà á fún un. Téèpù dúró sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì tún un wọ̀n, ó tún un wọ̀n, ó fi ọwọ́ tẹ ikùn mi yíká, ó wá bi mí bóyá ọmọ ń yí. Mo ní ó ń yí, àmọ́ ó jọ pé òun náà fẹ́ràn oorun bíi tèmi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa lọ bá dókítà tó ń fi ẹ̀rọ wo inú, kí n má dúró ra ohunkóhun lójú ọ̀nà.

Yàrá dókítà yẹn tutù, ó sì ṣókùnkùn díẹ̀, fèrèsé rẹ̀ ní aṣọ aláwọ̀ ewé tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé. Mo rántí pé mo rò pé bóyá báyìí ni inú ikùn náà ṣe rí fún ọmọ. Dókítà jẹ́ ọmọ Benin, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó da ohun kan tó ń yọ̀, tó tutù, sí mi níkùn, ó ń fi ẹ̀rọ kékeré kan yí i kiri, lẹ́yìn náà ó tẹ nǹkan kan, yàrá náà sì kún fún ohùn. Fúù. Fúù. Fúù. Afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá ló jọ. Omijé bọ́ lójú mi kí n tó mọ ohun tí mò ń gbọ́.

Ó ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ni. Ó ní ọkàn ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń tì í gba inú okùn ìwọ́ lọ sínú olóbì, ìyẹn ibi ọmọ, pé ibẹ̀ ló ti ń gba oúnjẹ àti èémí lára ẹ̀jẹ̀ tèmi, kó tó padà wálé. Àwọn ẹ̀jẹ̀ méjèèjì kì í dàpọ̀. Bí ará ilé méjì tó ń na nǹkan síra wọn láti orí ọgbà ni. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì fẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó nawọ́ sí ojú ẹ̀rọ, níbi tí ohùn náà ti ń ya òkè, òkè, òkè, bí òkè ṣe ń tẹ̀ léra wọn.

Ó ní, "You see this place, between one hill and the next? Blood suppose still dey waka go small small. For your baby, e dey stop. Road inside the placenta don tight."

Mo bi í pé tó bá dúró ńkọ́. Ó ní bó bá dúró nìkan, a ṣì lè máa ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn ni kò ní sí àyè mọ́. Ó gbé káàdì mi, ó kà á, ojú rẹ̀ sì le. Ó ní oyún yìí kò tíì pé oṣù méje. Bí òun bá gbé ọmọ kékeré báyẹn jáde, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó, ó lè má rí èémí mí. Bí òun bá fi í sílẹ̀, ebi ń pa á níbi tó wà. Nítorí náà wọ́n á dá mi dúró, wọ́n á máa gún mi lábẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró gbó, òun á sì máa gbọ́ ohùn yẹn láràárọ̀, kí a lè jèrè ọjọ́ díẹ̀ sí i.

Mo ní, "Doctor, I don reach eight."

Ó wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Madam, your card no talk so. The size of the baby no talk so. Any woman wey I tell say her pikin never ripe, na that same day her month dey increase." N kò lè bínú sí i. Òótọ́ ló sọ. Bí èmi bá jẹ́ dókítà, n kò ní gba aláboyún tó ń sunkún gbọ́. Ọkọ mi wá ní ìrọ̀lẹ́, òun náà sọ fún un, dókítà sì ní oṣù tí ìyàwó bá kà fún ọkọ ni ọkọ ń mọ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́.

Wọ́n fún mi ní bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. N kò lè ṣàlàyé bí àwọn ọjọ́ yẹn ṣe rí, nítorí wọn kò ní etí. Òjò ti ń dín kù, ọyẹ́ ti ń rùn bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, aṣọ fèrèsé á wú, á sì tún rọ̀. Mo máa ń sùn, n ó gbọ́ fúù, n ó jí, n kò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo lálàá pé mo jókòó sí ẹ̀bá odò Ikpoba, omi náà ń lọ, ó dúró, ó ń lọ, ó dúró, kò sì sẹ́ni tó yà lẹ́nu nínú àwọn tó ń fọ aṣọ létí odò. Nígbà tí mo bá jí, n ó gbé ọwọ́ lé ikùn, n ó ní, "Olówó mi, jọ̀wọ́, ṣí ara rẹ díẹ̀." Nígbà míì, á ṣí i. Nígbà míì, á jẹ́ kí n dúró pẹ́, ẹ̀rù á sì bà mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni mo bẹ ìyá mi. Òun nìkan ló fojú rí ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà ni oṣù orí káàdì ti wá. Mo ní kó wá sọ òótọ́ fún dókítà. Ó ń bó ọsàn fún mi, ọ̀bẹ dúró.

Ó ní, "Ọmọ mi, má fi ìyẹn bẹ̀ mí."

Ìgbà yẹn ló sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Kí wọ́n tó bí mi, ọmọ méjì ló kú sí i nínú. Obìnrin kan wà nítòsí ilé wa nígbà náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ìró kan náà ni wọ́n ń ró lọ́jọ́ ọdún. Òun nìkan ni ìyá mi ka oṣù fún. "Mo sọ fún un pé oṣù kẹjọ ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí ọmọ kò fi yí mọ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì náà, mo tún sọ fún un, torí mi ò kọ́gbọ́n. Oṣù kẹjọ náà ni." Láti ọjọ́ náà, kò kí obìnrin yẹn mọ́. Ó dárúkọ rẹ̀ fún mi pẹ̀lú ohùn tí èèyàn fi ń tutọ́ dànù. "Nígbà tí inú tìrẹ dé, mi ò sọ fún ògiri. Ìwọ lo wà láàyè yìí."

Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ inú bí mi. Mo ní, "Màámi, ta lẹ ń fi oṣù yìí pamọ́ fún? Obìnrin yẹn kò sí ní Benin. Dókítà yìí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ilé yín!" Gbogbo wọ́ọ̀dù wò wá. Ìyá mi bó ọsàn náà tán, ó gbé e sí orí àwo, ó sì jáde. Mo sunkún títí oorun fi tún gbé mi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá. Kò sọ pé òun ń bọ̀. Mo kàn rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá dókítà, ó fún gèlè rẹ̀ mọ́ àyà. Nọ́ọ̀sì jẹ́ kó wọlé. Dókítà gbé ẹ̀rọ lé mi níkùn, ohùn náà sì dé. Ìyá mi kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé. Ó sún mọ́ wa, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

Ó ní, "Kí ló dé tó ń dákẹ́ láàárín?"

Mo sọ fún un pé ọmọ ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sínú olóbì, ọ̀nà inú olóbì kò sì là. Ó dúró, ó ń gbọ́. Ó ní, "Bí ẹni ń sẹ́ ògì, tí asẹ́ ti dí." Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ìgbà yẹn ni dókítà dáwọ́ dúró. Ó yí nǹkan kan lára ẹ̀rọ, ó wò ó, ó tún un wò. Lábẹ́ àwọn òkè náà, nǹkan kékeré ti ń yọ sí ìsàlẹ̀ ìlà. Ẹ̀jẹ̀ ti ń padà sẹ́yìn.

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ń sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì pé oṣù méje kò tíì pé, pé òun kò mọ èwo ni òun máa yàn, pé kí ẹnìkan pe ọkọ mi. Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn ọkùnrin tí ọ̀nà dí mọ́ lójú. Ó ju gèlè rẹ̀ sílẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú dókítà, ó ká ìka méjì, ó na mẹ́jọ tó kù.

Ó ní, "Na eight! Doctor, na eight! Easter, e vomit, me I see am. Na me lie."

N kò mọ̀ pé ìyá mi gbọ́ Pidgin rárá. Bóyá àwọn obìnrin tó ń bá nájà ló kọ́ ọ. Dókítà bi í, jẹ́jẹ́, pé kí ló dé tó fi pa á mọ́. Ó ní, "Fear." Dókítà wo ìka mẹ́jọ yẹn, ó sì gba obìnrin arúgbó tó sọ ara rẹ̀ di onírọ́ lójú wa gbọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn: ọmọ tí òun pè ní aláìgbó ti gbó, ebi ló sọ ọ́ di kékeré. Kí oòrùn tó kúrò lójú fèrèsé, wọ́n ti ń tì mí lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìyá mi sáré tẹ̀ lé wa dé ibi tí wọ́n ti dá a dúró, ó ń sọ pé, "Ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ," bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ọmọbìnrin ni. Kò wúwo ju bùrẹ́dì ńlá kan lọ, awọ ara rẹ̀ hun jọ bíi ti àgbàlagbà, àmọ́ fúnra rẹ̀ ló mí, fúnra rẹ̀ ló ké. Ẹkún rẹ̀ tín-ín-rín. Mo gbọ́ ọ láti inú oorun abẹ́rẹ́, mo sì rò pé ẹnìkan ń ṣí ilẹ̀kùn ní ọ̀nà jíjìn.

Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé a máa gbé olóbì lọ sin, ó gbé e wá fún ìyá mi nínú abọ́. Dókítà sì dúró, ó fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ tọ́ka sí i. Kékeré ni, etí rẹ̀ le, ó sì funfun káàkiri bíi pé wọ́n ta eérú sí i. Ó ní gbogbo ibi funfun wọ̀nyẹn, ẹ̀jẹ̀ kò débẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá mi. Nọ́ọ̀sì náà ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, pé ìyá mi tẹjú mọ́ abọ́ náà títí apá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, tí òun sì bá a dì í mú.

Nígbà tó wá bá mi ní bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó síbi ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni olóbì tèmi rí. Méjèèjì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi sin wọ́n, wọ́n le, wọ́n sì funfun létí. Mo ní ayé ló mú wọn gbẹ." Ó fọwọ́ pa ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Obìnrin yẹn kò ṣe mí ní nǹkan kan." Mo béèrè bóyá ó ṣì wà láàyè. Ó ní ó ti kú ní ọdún tó ṣáájú, pé ìgbà tí wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ kọjá níwájú ilé wa, òun ti ilẹ̀kùn, òun sì ti fèrèsé pẹ̀lú.

Ọjọ́ kẹjọ pé, ọmọ ṣì wà nínú àpótí onígíláàsì tó ń móoru. Ìyá mi ní a kì í jẹ́ kí ọjọ́ yẹn kọjá lórí ọmọ. A dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi di ikùn mú, ọkọ mi gbé oyin àti iyọ̀ lọ́wọ́ tí kò sẹ́ni tó lè fi kan ọmọ lẹ́nu, ojú wa sì ń gba inú gíláàsì wo ọmọ. Ọkọ mi sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀, èmi náà sọ tèmi, nọ́ọ̀sì ń ṣe àmín. Ọkọ mi wá ní, "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ pe ọmọ?"

Ìyá mi dárúkọ obìnrin náà.

Ọkọ mi ní àmín, kò mọ ẹni tó ni ín. Mo wo ìyá mi. Ó gbé iwájú orí lé gíláàsì, èémí rẹ̀ ti bò ó débi pé kò ní lè rí ọmọ mọ́, ó tún orúkọ náà pè, ó gbóhùn sókè sí i, ó dúró bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá òun lóhùn. Kò pe ọmọbìnrin mi ní orúkọ mìíràn títí òun náà fi kú.